Ìlú Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Igi, Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Mọ Ewé

Ní sáà tó kọjá, wọ́n rán àwa mẹ́rin nínú kíláàsì wa pé ká lọ wá egbò Rauvolfia vomitoria wá fún iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Bódè la gbà lọ. Gbogbo ará Ìbàdàn ló mọ̀ pé tí nǹkan bá jẹ́ ewé, egbò tàbí èèpo igi, tí ẹ ò bá rí i ní Bódè, ó máa ṣòro kẹ́ ẹ tó rí i níbòmíràn. A dé ọ̀dọ̀ ìyá elewé kan, a kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀kan nínú wa sì na fóònù sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní èyí?" Ìyá wo àwòrán náà, ó wo ojú wa. "Kí ni wọ́n ń pè é?"

A dákẹ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè sọ orúkọ ẹbí igi náà ní Látìnì. A lè sọ èròjà tó wà nínú rẹ̀, a tiẹ̀ lè ya àwòrán èròjà ọ̀hún sára pátákó. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá yẹn yóò fi mọ̀ ọ́n kò sí lẹ́nu ẹnì kankan nínú wa, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa. Ìyá náà ló gbà wá sílẹ̀. Ó tún àwòrán náà wò, ó rí àwọn èso wẹẹrẹ pupa orí rẹ̀, ó ní, "Ṣé kì í ṣe asofẹ́yẹjẹ lẹ ń wá kiri yìí?" Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú igbá rẹ̀, ó tún bi wá pé, "Ta ni ara rẹ̀ kò yá? Ṣé orí rẹ̀ ló dàrú ni?" A ní rárá, ilé ẹ̀kọ́ la fẹ́ fi ṣe é fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọn egbò fún wa, ó sì kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó o.

Nínú ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, ìyá ti sọ ohun tí a fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ní kíláàsì. Reserpine, èròjà tí wọ́n yọ lọ́dún 1952 láti ara ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà, wà lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà òyìnbó lò fún àìsàn ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní in, àwọn ilé iṣẹ́ apòògùn sì ra egbò rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń fi í tọ́jú wèrè. Ohun tó bá lọ́wọ́ wọn ló kọ sílẹ̀. Ẹ wá wo orúkọ méjèèjì. Rauvolfia, orúkọ Leonhard Rauwolf ni, dókítà ará Jámánì kan tó kú lọ́dún 1596. Asofẹ́yẹjẹ, igi tó ń so èso fún ẹyẹ jẹ. Ẹni tó gbọ́ ti èkejì ti mọ ẹni tó ń gbé irúgbìn rẹ̀ ká inú igbó kó tó rí igi náà rárá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Mo gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ yòówù tó bá ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì lórí ewé tàbí igi nílùú yìí kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ láìsí orúkọ Yorùbá rẹ̀ níbẹ̀, èyí tó gbà lẹ́nu ẹni tó ń lò ó. Mo sì gbà pé kò gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láìpadà lọ sọ ohun tó rí fún ẹni yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣé orúkọ ló kàn báyìí, nígbà tí kò sí iná, tí kò sí omi ní hósítẹ́ẹ̀lì. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Ẹ wo ìlú tí a wà. Ẹ̀bá-Ọ̀dàn ni wọ́n ń pè é kó tó di Ìbàdàn, nítorí ibi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀ ló wà. Nínú ìtàn ìlú, nígbà tí ogun tú Ìbàdàn ti Lágelú ká, orí òkè ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀. Òro yẹn kan náà ni à ń yọ àpọ̀n inú rẹ̀ se ọbẹ̀ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dárúkọ òro àti ìgbín nínú oríkì ìlú, tí a sì ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún. Àwọn jagunjagun tó tẹ ìlú náà dó lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 1829 ni ìwé ìtàn máa ń fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí idà tó dé ni igi eléso ti ń bọ́ ìlú yìí.

Ẹ wo àdúgbò. Bí ẹ bá ti Bódè jáde, ẹ kò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó dé Ìdí-Arẹ̀rẹ̀. Arẹ̀rẹ̀ jẹ́ igi igbó ńlá tí àwọn onípákó mọ̀ dáadáa. Ní gúúsù, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àtijọ́, Ìdí-Ayùnrẹ́ wà níbẹ̀. Ní àríwá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, Ìdí-Osè ni. Osè kì í ṣe igi inú igbó, igi ọ̀dàn ni. Èyí já sí pé èèyàn lè fi orúkọ ibùdókọ̀ nìkan mọ ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, kó má wo máàpù rárá. Òun náà ló fà á tí igbá àwọn elewé àti àtẹ àwọn lékúlẹ́jà fi kún tó bẹ́ẹ̀: orógbó àti èèrù ń bọ̀ láti inú igbó, òrí ń bọ̀ láti ọ̀dàn, ìlú tó wà lágbedeméjì ni wọ́n ti ń pàdé.

Ìdí-Ìṣin ni mo fẹ́ràn jù. Ìṣin tí àwa ń já jẹ lọ́nà oko ni wọ́n kó sọdá òkun lọ sí Jamaica nígbà òwò ẹrú. Òun ni wọ́n ń pè ní ackee níbẹ̀, òun sì ni èso orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Lọ́dún 1793, ọ̀gákọ̀ William Bligh gbé èso náà láti Jamaica lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Blighia sapida. Bligh yìí náà ni àwọn atukọ̀ rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ sí lórí ọkọ̀ Bounty. Mi ò bá a jà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìṣin láti kékeré mọ̀ pé èèyàn kì í fi igi gbọ̀n ọ́n lulẹ̀ kó tó la ẹnu fúnra rẹ̀, torí èyí tí kò tíì là lè pa èèyàn. Hypoglycin ni wọ́n ń pe májèlé inú rẹ̀ ní kíláàsì. Ìyá tí kò gbọ́ orúkọ yẹn rí ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún ọmọ látọjọ́ pípẹ́.

Ẹnìkan á ní òdòdó ńkọ́? Òótọ́ ni pé Yorùbá àtijọ́ kì í di òdòdó ní ìdì fi rán ara wọn. Inú Bíbélì Yorùbá, òdòdó tiẹ̀ jẹ́ orúkọ àwọ̀ pupa fòò. Ewé la fi ń sọ ohun tí àwọn mìíràn ń fi òdòdó sọ. Ewé akòko la ń fi jẹ oyè. Bí wọ́n bá ti fi sí èèyàn lórí, ọ̀rọ̀ ti parí, ó ti di ìjòyè nìyẹn. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin la ń wá bí a bá fẹ́ kí nǹkan tutù. Pèrègún la ń gbìn sí ààlà àti ojúbọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹ ti rí òdòdó akòko rí? Ó rẹwà púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti àlùkò, ẹnu rẹ̀ là bíi ti fèrè. Pèrègún náà ń tanná, òru ló sì máa ń ta sánsán. Mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún láti ọdún kìíní mi, ọdún kẹta ni mo tó mọ̀ pé òun ni òórùn dídùn yẹn, mo ti rò pé lọ́fínńdà ẹnìkan ni.

Òdòdó tí àwa ń yà fọ́tò lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìgboyè, àlejò ni ọ̀pọ̀ wọn. Bougainvillea ti Brazil wá. Igi ńlá tó máa ń pọ́n yòò bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, erékùṣù Madagascar ni wọ́n ti rí i. Irú wọn ni àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn gbìn sí àwọn àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: àwọn ará ìlú kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó sọ orúkọ igi pupa yẹn fún wọn. Wọ́n gbọ́ bí èso rẹ̀ gbígbẹ ṣe ń dún nínú afẹ́fẹ́, wọ́n pè é ní sẹ́kẹ́sẹ́kẹ́. Àwọn mìíràn ní panṣẹ́kẹ́. Ó parí, àlejò ti di ará ilé.

Èyí tó tún dùn jù ni ti igbó kan tó wọ ilẹ̀ wa, tí orísun rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Chromolaena odorata nínú ìwé. Ó ya wọ oko, ó ń ràn, kò ṣeé kápá. Àsìkò tó gbalẹ̀ yẹn ni ìjà ìṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ń gbóná, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú. Àwọn àgbẹ̀ sọ igbó náà ní ewé Akíntọ́lá. Àwọn kan ní rárá, ewé Awólọ́wọ̀ ni. (Mo fura pé ẹgbẹ́ tí baba èèyàn ń ṣe ló ń pinnu orúkọ tí onítọ̀hún máa pè é.) Wọn ò fi orúkọ nìkan mọ, wọ́n tún rí i pé bí àdá bá ṣá èèyàn lóko, tí wọ́n bá fún ewé náà sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dá. Láàárín ìran kan péré, wọ́n ti rí ewé àjèjì, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ti mọ ìlò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún wọn lówó ìwádìí.

Àwa ńkọ́? Gbogbo èyí tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn ń jẹ́ "fúláwà". Èyí tí wọ́n gbìn sójú ọ̀nà, fúláwà. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, fúláwà. Ìran wa kò sọ ewé kan lórúkọ rí, a sì ti ń gbàgbé àwọn èyí tí wọ́n sọ sílẹ̀ fún wa. Ohun tó dùn mí nìyẹn, ó dùn mí ju ti hósítẹ́ẹ̀lì lọ.

Kì í kúkú ṣe pé ìmọ̀ náà kò sí nílùú. Ní Jẹ́ríkò, ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ ti ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ ní ewé tó lé ní 100,000, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, tí wọ́n kọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n já a sí i. Lọ́dún 1984, ilé iṣẹ́ náà tẹ ìwé Z. O. Gbilé jáde, orúkọ Yorùbá àwọn ewé àti igi Nàìjíríà ló kún inú rẹ̀. Agodi ní ọgbà ewé àti ẹranko láti 1967, kí omíyalé Ògùnpa ti August 31, 1980 tó bà á jẹ́. Wọ́n ti tún un ṣe, ibi ìgbafẹ́ ló sì jẹ́ lónìí, a máa ń lọ ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀. Ọjà wà, ilé ìpamọ́ wà, yunifásítì wà, gbogbo wọn nínú ìlú kan náà, ẹ lè fi bọ́ọ̀sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí gbogbo wọn ká lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ẹsẹ̀ wa ń dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn lórí èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ borí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ apòògùn ní orúkọ Yorùbá kò ṣeé gbára lé, pé orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì, ewé kan sì lè ní orúkọ márùn-ún láti Ìbàdàn dé Èkìtì. Òótọ́ ló sọ. Efínrín nìkan, ó ju oríṣi kan lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ká ju Látìnì nù. Bí èèyàn bá ní "efínrín" lásán nínú ìwé, ẹni tó wà ní Brazil kò ní mọ èyí tó ń wí. Ṣùgbọ́n bó bá kọ Ocimum gratissimum lásán, ìyá tó fún un ní ewé náà kò ní mọ̀ ohun tó ń wí. Kí la wá fẹ́ ṣe sí i ju ká kọ méjèèjì, ká sì kọ ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kejì kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbo rárá. Ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kíndìnrín rẹ̀ sì ti bàjẹ́ báyìí. Mi ò ní èsì kankan fún un tó lè tù ú nínú. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń rọ láti inú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, tí ẹni tó ń tà á gan-an kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, jẹ́ ogún àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè ìyá Bódè: ta ni ara rẹ̀ kò yá, kí ló ń ṣe é? Oníke kì í béèrè. Mo rò pé ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn, ẹni tó ń ta oògùn àti ẹni tó ń ta nǹkan mímu. Bí a bá sì fẹ́ mọ èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́ nínú ewé mẹ́wàá tí wọ́n rẹ pọ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orúkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹnu àwọn tó ń tà á la sì ti máa gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ìwádìí tiwa náà ń rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù ni èyí tí n kò fẹ́ sọ. Nígbà tí mo padà sí Bódè ní oṣù tó kọjá láti sọ ohun tí a rí nínú egbò tí ìyá wọ̀n fún wa, kò kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Mo ṣàlàyé. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ìsọ̀ tó kàn, "Ẹ wá wò ó o, èyí padà wá." Ó ní lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá pẹ̀lú bírò àti fóònù, wọ́n á béèrè orúkọ ewé, wọ́n á béèrè ohun tó ń wò, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á ní "ẹ ṣé mà", wọ́n á sì lọ ráúráú. Ọ̀kan tiẹ̀ jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ti gbọ́ pé ìwé ni wọ́n fi ń kọ, pé wọ́n ń tìtorí rẹ̀ di dókítà. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́, bí ẹni ń sọ bí ọjà ṣe rí lánàá ló ṣe sọ ọ́.

Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní Nagoya ní Japan lọ́dún 2010, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lo ìmọ̀ àwọn ará ìbílẹ̀ lórí ewé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kó sì bá wọn pín èrè ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ apòògùn ńláńlá la máa ń rò tí a bá kà á. Mi ò rò ó kan ara mi rí, èmi tí mo fi owó péréte ra egbò, tí mo sì fẹ́ fi gba ìwé ẹ̀rí.

Mo sọ èsì àyẹ̀wò wa fún ìyá ní Yorùbá, ó sì le ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí mi ò ní ọ̀rọ̀ fún ìdajì ohun tí mo kọ́. Ó tẹ́tí gbọ́ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé orúkọ tèmi wà nínú ìwé yẹn?" Mo ní kò tíì sí níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa ní àyè fún ibi tí a ti já ewé, ọjọ́ tí a já a, àti ẹni tó já a. Kò ní àyè fún ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Mo ti fi bírò fa ìlà kan sísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tèmi báyìí, mo sì ti kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ pírọ́jẹ́ẹ̀tì ní sáà yìí, ẹ fa ìlà tiyín. Bí àwọn ọ̀gá wa bá ní ká yọ ọ́, ó yẹ kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Ìyá ní tí wọ́n bá ti di ìwé náà tán kí n mú ẹ̀dà kan wá fún òun. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní JSS 2 ló máa kà á fún un. Ó ní kí n sáà rí i pé Yorùbá ibẹ̀ yé èèyàn.